Ojú Ìwé Ọjọ́ Ẹtì

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dúró de ìbéèrè kan. Nígbà tí mo sì rí i, inú fọ́ọ̀mù ìjọba ló wà, ìbéèrè kẹtàlélógún: “Kọ orúkọ ẹnìkan tí kò ní sọ̀rọ̀ rẹ ní dáadáa, àti ibi tí a ti lè rí i.” Mo rẹ́rìn-ín títí màmá mi fi yọjú láti yàrá wá wò mí bóyá ara mi yá. Àwọn tí a jọ gba fọ́ọ̀mù náà ti ń kùn, wọ́n ní irú ìjọba wo ló ń béèrè orúkọ ọ̀tá lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Èmi kò kùn ní tèmi. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí kó má baà ṣòro kà.

Àwa tí a bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi kì í fi orúkọ yẹn pè é. Bírò-Mẹ́rin là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ o, nítorí bírò mẹ́rin ló máa ń há sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ lójoojúmọ́: dúdú, búlúù, pupa àti aláwọ̀ ewé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé tísà ni. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó mọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe.

Iṣẹ́ wa kò le. Ní wákàtí-wákàtí, a ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, a ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí kúlórìn tí ń pa kòkòrò inú omi bá pé, ohun tó wà nínú ìgò yẹn á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá pé, á wà bí omi òjò. A ó kọ nọ́ńbà tí a rí sínú rẹ́jísítà, a ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ọjọ́ náà, ọ̀gá náà á sì fọwọ́ sí abẹ́ tiwa, níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé, “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé.” Bí ìwé òfin ṣe wí nìyẹn. Àwa ní tiwa, a ní àṣà kan tí a ń pè ní kíkí ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oníkálukú tó bọ́ ẹ̀wù ilé, a ó tò sí ìlà, a ó fọwọ́ sí ojú ìwé méjèèje ti ọ̀sẹ̀ náà lófìfo, láti Ajé títí dé Àìkú. Ọ̀gá náà á fọwọ́ sí i tẹ̀ lé wa. “Ṣé o ti kí ìwé?” la máa ń bi ara wa, bí ìgbà tí ènìyàn ń béèrè bóyá o ti jẹun. A ní ó ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà, kí ẹni tó fẹ́ tètè lọ sílé lè tètè lọ. A kò bi ara wa léèrè pé ta ló ń kọ nọ́ńbà tí a kò bá kọ.

Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bàjẹ́, ọjọ́ Ajé náà ni kúlórìn tán. Èmi ni mo wà nídìí ìgò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kán oògùn sí omi, omi kò yí padà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé ìgò náà lọ bá Bírò-Mẹ́rin nídìí tábìlì rẹ̀. Ó wo ìgò, ó wò mí.

Ó ní, “Kúlórìn ń bọ̀ lọ́la. Lọ jókòó. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní géètì, kó má padà wọlé o.”

Kúlórìn kò dé lọ́la, kò sì dé lọ́tunla. Àwọn bírò yẹn ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ́jísítà, dúdú fún òwúrọ̀, búlúù fún ọ̀sán, aláwọ̀ ewé fún ìrọ̀lẹ́, kó lè dà bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n. Kò sí nọ́ńbà kan tí kò dára níbẹ̀. Kó tó di Ọjọ́rú, ìgbẹ́ gbuuru ti gbé ènìyàn mọ́kàndínlógún dé ilé ìwòsàn. Méjìdínlógún padà sílé. Ẹni tí kò padà ni aránbàtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní orígun òpópónà wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó máa ń fi ètè di ìṣó mú bó bá ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì tún máa gba àárín ìṣó náà kí ènìyàn.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n wá ẹlẹ́bi jáde, wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n bá ìfọwọ́sí mi lábẹ́ nọ́ńbà irọ́, èmi tí mo wà nídìí ìgò lọ́jọ́ tí kúlórìn tán. Bírò-Mẹ́rin gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní òun fọkàn tán òṣìṣẹ́ òun ni, òṣìṣẹ́ òun ló já òun kulẹ̀. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Wọ́n lé mi láìpè mí wá sọ tẹnu mi. Wọ́n sọ òun di igbákejì olórí, nígbà tó sì yá, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ omi pátápátá. Èmi di ẹni tó ń fọ ìgò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé girama kan. Àǹtí Gíláàsì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, ó sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgò tí mo bá gbé sí ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá ó mọ́, ojú Bírò-Mẹ́rin ni mo ń rí níbẹ̀. Mo kórìíra ọkùnrin náà, n kò ní fi bò. Mo kórìíra rẹ̀ bí mo bá ń jẹun, mo kórìíra rẹ̀ bí mo bá ń gbàdúrà.

Ohun kan wà tí òun kò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, tí ariwo ti ta pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí gbogbo ènìyàn sáré lọ sí ẹnu géètì, mo wọ inú ọ́fíìsì, mo ṣí rẹ́jísítà, mo ya ojú ìwé kan. Ojú ìwé ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ Ẹtì kò tíì dé nígbà náà. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀, ó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ mi, àti ti ọ̀gá wa lábẹ́ gbogbo rẹ̀: “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé.” Ó yẹ ọjọ́ tí kò tíì mọ́ wò, ó ní ó pé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò mú un jáde láti ọjọ́ yìí. Bírò-Mẹ́rin ti yára ya àwọn ojú ìwé òfìfo tó kù kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé, ó wá ké pé ẹnìkan ya rẹ́jísítà ìjọba, wọ́n sì ti ní ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé e, mo fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo fọ́tò ọmọ. Nígbà tó wá yá ni ìjọba dá ọ́fíìsì tuntun sílẹ̀, tí wọ́n ń wá olùyẹ̀wò omi. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-dín-láàádọ́ta kò lè gba iṣẹ́ náà. Oṣù kan péré ló kù kí n pé e, nítorí náà, bí n kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ìgò ni n ó máa fọ̀ títí n ó fi darúgbó. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, mo fẹ́ káàdì àyà rẹ̀, mo fẹ́ wọ ọ́fíìsì Bírò-Mẹ́rin láìkan ilẹ̀kùn, kí n ní kó bu omi wá kí n wò.

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n kọ ọ́ pé ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀, wọn kò ní fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹni tí a bá dárúkọ ní ìbéèrè kẹtàlélógún gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀ wá búra, bó bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó parọ́, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Mo ka ìlà méjèèjì yẹn títí mo fi mọ̀ wọ́n sórí. Mo mọ̀ pé yóò wá. Ṣé wọ́n á pè é wá tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó má sáré wá?

Kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé, ìgbìmọ̀ rán olùwádìí wọn kiri ilé. Màmá àgbà kan ni, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ rí màmá mi lóun nìkan. Mo kìlọ̀ fún màmá mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Mo ní, “Màmá, ohunkóhun tó bá bi yín, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ o. Òótọ́ ni mo fi ń jà lọ́tẹ̀ yìí.”

Ó ní, “Ìgbà wo ni mo parọ́ rí, ìyá mi? Gbogbo dáadáa tí o ti ṣe fún mi ni n ó rò fún un.”

Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, inú màmá mi dùn ṣìnkìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù orígun. Ìyàwó aránbàtà ló ń ṣe iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ báyìí. Òun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ètè di ìṣó mú. Láti ọdún mẹ́jọ yìí, kò sí ẹni tó sún mọ́ mi tó o. Nígbà tí gbogbo òpópónà ń fi ojú burúkú wò mí, òun ló kọ́kọ́ wá bá mi nílé, tó ní, “Wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀gá yín ló kọ nọ́ńbà yẹn. Ọ̀tá kan náà la ní.” Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí bàtà mi, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún mi. Ó ní, “Àbúrò mi, bó bá jókòó níwájú rẹ, wò ó lójú. Má bínú sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni kí o máa sọ, kó máa gún un díẹ̀díẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, lónìí, ìṣó ni n ó fi òótọ́ ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. “Gbá a wọlé dáadáa.”

Yàrá ìgbìmọ̀ kò fẹ̀. Tábìlì gígùn kan, jọ́ọ̀gì omi, fáànù tó ń ké gbì-gbì. Alága, ọkùnrin apárí kan, jókòó láàárín. Olùwádìí wà lápá òsì rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì mi, akọ̀wé kan sì ń tẹ gbogbo ohun tí a ń sọ sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo gbé e.

Alága bẹ̀rẹ̀. “Ǹjẹ́ wọ́n ti lé yín lẹ́nu iṣẹ́ rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ǹjẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́fà.”

Ó gbé orí sókè. Akọ̀wé dáwọ́ títẹ̀ dúró díẹ̀. Mo rò fún wọn bí a ṣe ń kí ìwé, láìyọ ara mi sílẹ̀.

“Ǹjẹ́ ẹ ti mú ohun ìní ìjọba lọ sílé rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó wà nínú báàgì mi. N ó fi hàn yín bí ẹ bá gbà mí láàyè, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí mo dárúkọ wọlé ná.”

Alága wo olùwádìí, olùwádìí mi orí pé kò burú. Alága tún yẹ ìwé tó wà níwájú rẹ̀ wò. “Nígbà tí ìgò fi hàn pé kúlórìn ti tán, ẹ ní ẹ sọ fún ọ̀gá yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ta lẹ tún sọ fún?”

Mo ní, “Ta ni mo fẹ́ sọ fún, sà? Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ń bà mí.”

Olùwádìí kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò kà á sí.

Wọ́n pe Bírò-Mẹ́rin wọlé. Ó ti sanra sí i, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n àwọn bírò wà ní àpò àyà níbi tí mo fi wọ́n sí. Ó kí ìgbìmọ̀ títí, ó wá yíjú sí mi, ó fi ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. “Àbúrò mi, kò wù mí kí n wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni.” Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó búra. Mo ń wo ọwọ́ náà, inú mi ń dùn bí ti ẹni tó rí i tí eku ń bọ̀ wá sí ibi tó dẹ ebìtì sí.

Alága bi í pé, “Nígbà tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ kankan máa ń fọwọ́ sí ojú ìwé òfìfo?”

“Láéláé! Lábẹ́ tèmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?”

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, n kò fọwọ́ sí ohun tí n kò yẹ̀ wò rí láyé mi. Gbogbo ayé ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Obìnrin yìí ló ń dá kọ irọ́ tirẹ̀. Mo dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi ìlú lé e lọ́wọ́.”

Mo jẹ́ kí akọ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí báàgì. Mo tú náílọ́ọ̀nù náà díẹ̀díẹ̀, n kò kánjú, ọdún mẹ́jọ kọ́ ló yẹ kí ènìyàn fi ìwàǹwára tú. Mo tẹ́ ojú ìwé ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ lórí tábìlì. Alága kà á, ó gbé e fún olùwádìí, olùwádìí sì sún un síwájú Bírò-Mẹ́rin.

Alága ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka nọ́ńbà tí ẹ yẹ̀ wò lọ́jọ́ yìí.”

Ó tẹjú mọ́ ìwé.

“Ẹ kà á sókè, sà,” mo ní. “Ó pé, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó ní ìfọwọ́sí náà jọ tòun, ó ní kì í ṣe tòun, ó ní bóyá àṣìṣe ni, ó ní iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Alága ní kí wọ́n tẹ ohun tó sọ jáde, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ títí ìjọba yóò fi pè é. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà. Ó fa dúdú yọ, ó dá a padà. Ó fa búlúù yọ, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí oúnjẹ tí mo jẹ rí tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí gbogbo ìgò tí mo ti fọ̀, mo sì ń wò ó bó ṣe tẹ̀ ba tó ń wá bírò lábẹ́ tábìlì.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Mo ti ń di báàgì mi.

Olùwádìí ní, “Ọmọ mi, dúró díẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí o fi ìbéèrè dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.” Ó ṣí fáìlì. “Mo lọ bá màmá rẹ. Ènìyàn dáadáa ni, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ púpọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ àwọn kì í fi àwọn ṣeré. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé tí kúlórìn tán yẹn, kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, o pè wọ́n lórí fóònù. O ní kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ o, kí wọ́n máa sè é. Wọ́n ní títí dòní làwọn ń se omi tí àwọn ń mu. Ṣé òótọ́ ni?”

Mo gbé báàgì mi padà sílẹ̀. Bírò-Mẹ́rin ti jókòó tààrà. Ó gbé ojú lé mi, mo sì rí i pé ó ń dúró de irọ́ mi bí èmi náà ṣe dúró de tirẹ̀. Irọ́ náà kò jìnnà. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ti ń rú wọn lójú, ta ni yóò já mi? Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó sọ òótọ́, ó sì ti sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga ìyá. Kò lè ti ẹnu mi jáde pé màmá mi ń ṣarán, kí Bírò-Mẹ́rin jókòó síbẹ̀ kó gbọ́.

“Òótọ́ ni, mà.”

“Lẹ́yìn wọn, ta lo tún sọ fún?”

“Kò sẹ́nìkan, mà.”

“Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú?”

“Kò sẹ́nìkan.”

Bírò-Mẹ́rin na ọwọ́ sí mi. “Ẹ ò gbọ́! Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó pa á mọ́ra!” Inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un. Alága ní kó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló dùn mí. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ta ni mo fẹ́ sọ fún, pé fóònù wo, pé ẹnu wo, mo sì ní fóònù, mo ní ẹnu, mo lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí mo fẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo rí ife kan lójú mi, ife aláwọ̀ òféfèé tí etí rẹ̀ ti kán. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ife.

Alága pa fáìlì mi dé. Kò bínú, ohun tó tún wá dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, “Màdáámú, ẹ ti ran ìlú lọ́wọ́ lónìí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò omi tó bá rí omi tí kò dára, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀. A kò lè fún yín.”

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo kọjá lára Bírò-Mẹ́rin ní kọ́rídọ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àpò àyà rẹ̀ ṣófo, nítorí wọ́n ti gba àwọn bírò náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ láti fi ṣe ẹ̀rí. Mo wò ó dáadáa. Ó ṣì dùn mọ́ mi. N ó parọ́ bí mo bá ní kò dùn mọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n kò dùn dé ibi tó yẹ kó dé.

Ìyàwó aránbàtà ti rí mi láti òkèèrè. Ó dìde, ó mú òòlù lọ́wọ́, bàtà ẹlòmíràn wà lórí irin iṣẹ́ níwájú rẹ̀.

“Ṣé o mú un?”

“Mo mú un, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba bírò.”

Ó yọ ìṣó tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń pe ènìyàn tó wà ní yàrá kejì. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló fi etí aṣọ nu ojú.

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Wọn ò fún mi.”

“Nítorí kí ni?” Ojú rẹ̀ le. “Nítorí ojú ìwé tí o yà, àbí? Àwọn ènìyàn yìí ò níjọ́ tí wọn ò ní fìyà jẹ ẹni tó ṣe dáadáa.”

Ó ti bá mi wá irọ́ náà, ó ti gbé e sí mi lọ́wọ́. Kò kù ju kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí akọ̀wé níbẹ̀, kò sí fáìlì, kò sẹ́ni tó ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, bí mo bá sì parọ́, kò sí iṣẹ́ tí yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ òótọ́, n kò ní ní ẹnìkan mọ́ ní òpópónà yìí. Mo wo bàtà mi, mo wo òòlù ọwọ́ rẹ̀.

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n,” mo ní. “Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Èmi wà lórí ìdúró.

“Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí láàárọ̀. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé omi ò dára, mo ti sọ fún màmá mi láti àná rẹ̀. Ọkọ yín mú ife kan lọ́wọ́, èyí tí etí rẹ̀ kán. Wọ́n ń mu omi. Wọ́n gbé ife náà sókè fi kí mi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo sì kọjá.”

Ó sọ òòlù náà kalẹ̀ lórí tábìlì.